Ṣé Ìgbéraga Ni Kí Ènìyàn Sọ Ohun Tí Ó Mọ̀ Ọ́n Ṣe?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ní oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun tàbí ààwẹ̀, ṣùgbọ́n ó kan ìwà, ó kan ẹnu, ó sì kan oúnjẹ òòjọ́ wa. Ìbéèrè náà nìyí: bí ènìyàn bá ń wá iṣẹ́, tí ó sì ní láti kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ síta kí gbogbo ayé máa kà á, níbo ni òtítọ́ parí sí, níbo sì ni ìgbéraga àti irọ́ ti bẹ̀rẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Èkó ni èyí. Ìsẹ́yìn tiwa níhìn-ín ni àgọ́ ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn agùnbánirọ̀ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ṣí àgọ́ náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn ọ̀dọ́ láti ìpínlẹ̀ gbogbo fi ń kún ìlú, tí olóúnjẹ ń rí tà, tí ọlọ́kadà ń rí gbé. Ọdún kan lẹ́yìn náà, gbogbo wọn ti gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n sì ti di olùwáṣẹ́. Pólì tí ó wà ní Ṣakí, tí ó jẹ́ ẹ̀ka Pólì Ìbàdàn kí ó tó dá dúró, ń kó àwọn ọmọ tirẹ̀ náà jáde. LAUTECH ti ní ọgbà ní Ìsẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ń gba òmìnira ní Òkehò, ní Ìgbòho, ní Kìṣí, wọ́n ń ya fọ́tò pẹ̀lú ọ̀gá, wọ́n ń jẹ ìrẹsì, ilẹ̀ sì ń mọ́ ní ọjọ́ kejì tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé wọ́n wà láyé.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ti ń wá ènìyàn báyìí, èyí tí ó sì lókìkí jù fún irú ìyẹn ni LinkedIn. Reid Hoffman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Kalifóníà ní ìparí ọdún 2002, wọ́n ṣí i fún ayé ní oṣù karùn-ún ọdún 2003. Ní ọdún 2016, iléeṣẹ́ Microsoft fi ọwọ́ sí i pé àwọn yóò rà á ní bílíọ̀nù dọ́là 26.2. Níbẹ̀, oníkálukú ní ojú-ìwé tirẹ̀: orúkọ, àwòrán, gbólóhùn kan lábẹ́ orúkọ, ìlú tí ó ń gbé, ibi tí ó ti ṣiṣẹ́, ibi tí ó ti kàwé, ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, àti ẹ̀rí tí àwọn ẹlòmíràn jẹ́ nípa rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀. Fóònù tí a fi ń wo fídíò aláwàdà lè ṣí i.

Lórí ọ̀rọ̀ yìí, apá méjì ni àwa ọ̀dọ́ pín sí. Apá kìn-ín-ní ní Ọlọ́hun ni olùpèsè, ẹni tí Ó bá kádàrá iṣẹ́ fún yóò rí i. Kí ènìyàn wá jókòó kí ó máa to iṣẹ́ rere ara rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ṣekárími ni. Wọ́n tún máa ń rántí hádíìsì tí ó sọ fún wa pé Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kì í fi ipò àṣẹ lé ẹni tí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́. Apá kejì ní ọjà ni ayé, ẹni tí kò bá polówó, ọjà rẹ̀ yóò kùtà. Nítorí náà kí á bù ú kún, ṣebí gbogbo ènìyàn ló ń bù ú kún. Àwa kò lè bá èyíkéyìí nínú wọn lọ. Èkínní fi ìrẹ̀lẹ̀ bo ọ̀lẹ mọ́lẹ̀. Èkejì pe irọ́ ní ọgbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gba pé apá kìn-ín-ní ní ohun kan lọ́wọ́. Ọmọ Yorùbá ni wá, a kò tọ́ wa láti máa yin ara wa. Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà, ìyẹn ni a gbọ́ dàgbà. Bí àlejò bá yin ọmọ lójú ìyá rẹ̀, ìyá yóò ní, "Ẹ má dá a lóhùn, kò mọ nǹkan kan." Ẹni tí a tọ́ báyìí, bí a bá gbé ojú-ìwé òfìfo síwájú rẹ̀ pé kí ó kọ ohun tí ó tayọ nínú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yóò wúwo. Àléébù kọ́ ni ìtìjú yẹn, ara ìwà ọmọlúàbí ni. Ìbéèrè wa ni pé ṣé ibi tí ó yẹ kí ìtìjú wà ni a gbé e sí.

Ẹ wo Ànábì Yúsúfù. Inú ẹ̀wọ̀n ni ó wà nígbà tí ó túmọ̀ àlá ọba Íjíbítì, àlá màlúù méje tí ó sanra àti méje tí ó rù. Ọba ránṣẹ́ pè é. Ẹlòmíràn ì bá ti sáré jáde. Yúsúfù kò jáde. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ padà lọ bi àwọn obìnrin ìlú léèrè ọ̀rọ̀ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ tì í mọ́lé. Wọ́n bi wọ́n, wọ́n jẹ́rìí pé kò ṣẹ̀; obìnrin tí ó purọ́ mọ́ ọn fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́. Ẹ̀yìn èyí ni ọba ní kí wọ́n mú un wá, tí ọba sọ pé ẹni tí a fọkàn tán ni lọ́dọ̀ òun. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni Yúsúfù tó la ẹnu pé kí wọ́n fi òun ṣe alábòójútó àwọn àká oúnjẹ ilẹ̀ náà, nítorí òun mọ̀ ọ́n ṣọ́, òun sì ní ìmọ̀ rẹ̀.

Àwọn tí ó bá fẹ́ yin ara wọn fẹ́ràn ìparí ìtàn yìí, wọ́n sì máa ń fo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rí àwọn ẹlòmíràn ni ó kọ́kọ́ dé, ọ̀rọ̀ ẹnu Yúsúfù ni ó tẹ̀lé e. Ohun tí ó sì sọ nípa ara rẹ̀ kò ju méjì lọ, méjèèjì ni iṣẹ́ náà ń béèrè fún. Kò sọ fún ọba pé ọmọ Ànábì ni òun, ọmọ-ọmọ Ànábì. Kò ní òun lẹ́wà, bẹ́ẹ̀ ó lẹ́wà. Kò tilẹ̀ sọ pé òun sá fún àgbèrè. Ìyàn ọdún méje ń bọ̀, ẹni tí yóò ṣọ́ ọkà ni ìlú ń wá, ó sì sọ èyí tí ó kan ọkà.

Ànábì Músà gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí ó sá dé Mádíyánì, ebi ń pa á, kò ní ilé, ó rí àwọn obìnrin méjì tí wọ́n dúró sẹ́yìn pẹ̀lú ẹran wọn nítorí àwọn darandaran ti gba orí kànga. Ó bá wọn fún ẹran lómi, ó padà sí abẹ́ òjìji, kò béèrè kọ́bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ó lọ sọ fún bàbá rẹ̀ pé kí ó gba ọkùnrin náà síṣẹ́, nítorí ẹni tí ó dára jù láti gbà síṣẹ́ ni ẹni tí ó lágbára tí ó sì ṣeé fọkàn tán. Agbára àti ìfọkàntán: títí di òní, kò sí ọ̀gá iléeṣẹ́ tí ó wá ohun kẹta tí ó ṣe pàtàkì ju méjì yìí lọ. Músà yìí kan náà, nígbà tí Ọlọ́hun rán an níṣẹ́ sí Fìríáónà, fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé Hárúnà arákùnrin òun mọ ọ̀rọ̀ sọ ju òun lọ, kí wọ́n fi ràn òun lọ́wọ́. Ó mọ ibi tí òun kù sí, ó sì sọ ọ́ níbi tí ó yẹ kí ó sọ ọ́.

Nípa hádíìsì tí apá kìn-ín-ní mú wá, ipò àṣẹ lórí ènìyàn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá lé. Ẹni tí ó ń sáré àtijọba lé ọmọnìkejì lórí yàtọ̀ sí télọ̀ tí ó ní òun mọ agbádá rán. Bí télọ̀ kò bá sọ, ìhòòhò ni a ó wà.

Nítorí náà, ní èrò tiwa, ohun tí ó yẹ kí a fi pamọ́ ni ìjọsìn wa, ohun tí ó yẹ kí a gbé síta ni iṣẹ́ wa. Ó jọ wá lójú pé a ti yí i po. A rí ọ̀dọ́ tí ó ń gbé àwòrán ara rẹ̀ síta bí ó ti ń pín sàárà fún opó, tí kò sì sí ibì kankan tí ó kọ ọ́ sí pé òun mọ ìṣirò owó. Sàárà tí Ọlọ́hun fẹ́ kó wà láàrin òun àti Rẹ̀ ti dé etí ayé. Ìmọ̀ tí ayé ń wá owó lọ́wọ́ láti fi rà ni ó ń tijú àtisọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá dojú kọ apá kejì, nítorí ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti wúwo. Gbogbo wa mọ ìtàn Ànábì wa nínú ọjà, bí ó ti ki ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ kan tí ó rí gbígbẹ lókè, tí ìka rẹ̀ kan ọ̀rinrin nísàlẹ̀. Ọlọ́jà ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tí òjò pa sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì yọ ara rẹ̀ kúrò lára ẹni tí ó ń yan ènìyàn jẹ. Ẹ kíyèsí i pé ọlọ́jà yẹn kò fi ẹnu purọ́. Kò sọ pé ìsàlẹ̀ gbẹ. Bí ó ti to ọjà rẹ̀ ni ó purọ́.

Ìyẹn ni irọ́ tí ó wọ́pọ̀ jù lórí ojú-ìwé àwọn olùwáṣẹ́. Ẹni tí ó lọ sí yunifásítì fún ọdún méjì tí kò parí, yóò kọ orúkọ ilé-ìwé àti orúkọ ẹ̀kọ́, yóò sì dákẹ́. Ẹni tí ó fi oṣù kan ran ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù yóò pe ara rẹ̀ ní máníjà. Ẹni tí ó wo fídíò mẹ́ta nípa Excel yóò kọ ọ́ pé ọ̀gá ni òun nínú rẹ̀. Àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn mọ irú èyí dáadáa. Sányán gidi, òwú kòkòrò inú igbó ni wọ́n fi ń hun ún, àwọ̀ rẹ̀ jọ ti yanrìn, ọwọ́ tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò dá a mọ̀ kí ojú tó dá a mọ̀. Aṣọ tí a fi òwú ìgbàlódé hun ní àwọ̀ sányán dára, ó lẹ́wà, ó sì ní iye tí a ń tà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tà á fún ìyàwó ojú ọ̀nà ní iye sányán, kí ni orúkọ ohun tí ó ṣe?

Kí a má ṣe rò pé àwọn kékeré nìkan ni ó ń ṣe é. Ní ọdún 1999, nígbà tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé, Salisu Buhari di olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní Abùjá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kàwé gboyè ní Yunifásítì Toronto ní Káńádà, ó sì fi ọdún kún ọjọ́ orí rẹ̀. Ìwé ìròyìn The News tú u fó pé kò gboyè kankan níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ jiyàn. Ní oṣù keje ọdún náà, kò tó oṣù méjì tí ó dé orí àga, ó dúró níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó jẹ́wọ́, ó sì fi ipò sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, ó san owó ìtanràn. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Ààrẹ Ọbásanjọ́ foríjì í. Ohun tí ó ń dun ènìyàn nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọ̀dọ́ ni, ó mọ òṣèlú ṣe, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì dìbò fún un. Ẹ̀bùn tirẹ̀ tó o jẹ. Èyí tí ó yá láti Toronto ni ó gba ti ọwọ́ rẹ̀. Nígbà náà, oníròyìn ní láti kọ lẹ́tà sí Káńádà kí ó tó mọ òótọ́. Lónìí, akọ̀wé kékeré kan ní ọ́físì yóò tẹ fóònù, yóò sì mọ̀ kí tíì rẹ̀ tó tutù.

Ṣé dandan wá ni kí a kọ gbogbo àléébù wa síta? Rárá o. Ojú-ìwé yìí kì í ṣe ibi ìrònúpìwàdà. Ẹni tí ó fi ọdún méjì tọ́jú ìyá rẹ̀ tí ó ń ṣàìsàn, tí kò ṣiṣẹ́, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé àìsàn ìyá rẹ̀. Dídákẹ́ yàtọ̀ sí títò. Ọ̀nà tí àwa fi ń dá wọn mọ̀ nìyí: bí agbanisíṣẹ́ bá mọ ohun tí mo dákẹ́ lé lórí, ṣé yóò sọ pé mo tan òun, àbí yóò sọ pé kò kan òun? Ẹni tí kò parí yunifásítì lè kọ "2019 sí 2021, n kò parí" kí ó sì kọ ohun tí ó kọ́ ní ọdún méjì náà. A mọ̀ pé yóò dun ún. Ó lè pàdánù iṣẹ́ kan nítorí rẹ̀, a kò ní purọ́ fún un pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ dọ́jà ó kùtà ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó bá rí gbà, yóò lè sùn lórí rẹ̀.

Ìbéèrè kan tún wà tí ó jẹ́ tiwa ní Òkè-Ògùn pátápátá. Púpọ̀ nínú wa ń kọ "Lagos" sí ibi tí ó yẹ kí a kọ ìlú tí a ń gbé, nítorí ẹni tí ó ń wá òṣìṣẹ́ máa ń fi orúkọ ìlú wá a, Ṣakí kò sì sí lẹ́nu rẹ̀. Àwọn kan ní irọ́ kékeré ni, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Kí ọ̀gá Èkó wá pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ó wá ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀la, kí ó máa wá ọkọ̀ ní gáréèjì Ṣakí ní òru! Kí a kọ ìlú wa. Kí a kọ ọ́ tẹ̀lé e pé a ṣetán láti kó lọ sí ibi tí iṣẹ́ bá wà; LinkedIn ní àyè tí a ti lè yan àwọn ìlú tí a fẹ́ ṣiṣẹ́ sí, kí àwọn agbanisíṣẹ́ lè rí wa níbẹ̀. Àǹfààní mìíràn sì ń bẹ nínú kíkọ ìlú ẹni tí àwọn tí ń sá fún un kò rò. Ẹni tí ó ń wá alámòójútó oko káṣú, tàbí ẹni tí yóò bá a ra ẹ̀lùbọ́ àti òrí lọ́pọ̀, ará Surulere kọ́ ni ó ń wá.

Báwo wá ni a ó ṣe kọ ọ́? Gbólóhùn tí ó wà lábẹ́ orúkọ ni agbanisíṣẹ́ kọ́kọ́ ń rí, kò sì gbà ju lẹ́tà 220 lọ. Púpọ̀ nínú wa ń fi í ṣòfò: "ọ̀dọ́ alákínkanjú tí ó ń wá iṣẹ́," "ẹni tí ó nífẹ̀ẹ́ ìlọsíwájú." Ta ni ó ń tẹ "alákínkanjú" láti wá òṣìṣẹ́? Orúkọ iṣẹ́ ni wọ́n ń tẹ̀. Kí a kọ orúkọ iṣẹ́ náà bí àwọn agbanisíṣẹ́ ti ń pè é, kí a fi irinṣẹ́ tí a mọ̀ ọ́n lò kún un, kí a fi ìlú parí rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú wa yóò fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí a lè fi ẹnu ara wa sọ bí wọ́n bá pè wá.

Nísàlẹ̀, kí iṣẹ́ ọwọ́ wa máa sọ̀rọ̀. Wẹ́dà kan ní Ṣakí tí ó kọ ọ́ pé òun "nírìírí púpọ̀" kò tíì sọ nǹkan kan. Bí ó bá kọ ọ́ pé ẹ̀rọ ìringbágùúdá mẹ́fà ni òun ṣe ní ọdún tí ó kọjá, tí ó gbé àwòrán mẹ́ta síbẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ àwọn tí ó ni wọ́n, tí ó sọ irú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń lò, kò ní láti yin ara rẹ̀ mọ́. Nǹkan mẹ́fà kì í ṣe ìgbéraga, iye ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni agùnbánirọ̀ tí ó kọ́ ọmọ ní ìṣirò ní Ìtẹ̀síwájú tàbí Àtìsbò: iye kíláàsì, iye ọmọ, ohun tí ó yí padà. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ kò tíì ṣiṣẹ́ rí, akápò ẹgbẹ́ yìí kan náà fi ọdún méjì pa owó mọ́, ó ṣe ìṣirò rẹ̀ síwájú ìpàdé, kò sì sí ẹni tí ó bá a jà. Kí ni a ń pe ìyẹn bí kì í bá ṣe iṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ àwòrán ń jà láàrin àwọn arábìnrin wa. LinkedIn kò sọ ọ́ di dandan. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò gbà á, kí ó fi í sílẹ̀, kí ó sì mọ̀ pé ojú-ìwé tí kò ní àwòrán ni àwọn kan máa ń fò. Ẹni tí ó bá fi í síbẹ̀, ìmọ̀ràn wa ni pé bí ó bá ní ìjáàbù ni yóò wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ìjáàbù ni kí ó wọ̀ nínú àwòrán. Ẹ rántí Firdaus Amasa, tí ó kàwé òfin ní Yunifásítì Ìlọrin. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, ní Abùjá, wọn kò jẹ́ kí ó wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń sọ wọ́n di agbẹjọ́rò nítorí pé kò ṣí ìjáàbù rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2018 ni ó di agbẹjọ́rò, pẹ̀lú ìjáàbù lórí. Ẹni tí kò bá fẹ́ irú wa, ó sàn kí ó fò wá láti orí fóònù ju kí ó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ọ́físì ni a ó ti mọ̀.

Àwọn kan yóò ní ṣé kí a tó rí iṣẹ́ ní Nàìjíríà, kò ṣe pé kí a mọ ènìyàn? Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n irú ènìyàn wo? Ní ọdún 1973, ọdún kan náà tí ìjọba dá ètò agùnbánirọ̀ sílẹ̀, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Mark Granovetter tẹ ìwádìí kan jáde. Ó bi àwọn tí ó rí iṣẹ́ nípasẹ̀ ènìyàn léèrè bí àwọn àti ẹni náà ti ń ríra sí. Ọ̀pọ̀ jù lọ ní àwọn kì í sábà rí i. Ẹbí àti ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ kọ́ ni ó mú iṣẹ́ wá, ojúlùmọ̀ ni. Ní ọdún 2022, àwọn mìíràn fi nǹkan bí ogún mílíọ̀nù ènìyàn lórí LinkedIn wò ó fún ọdún márùn-ún, ó sì jọ pé ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀: ohun tí ọ̀rẹ́ mi mọ̀, èmi náà ti mọ̀ ọ́n, ẹni tí ó jìnnà díẹ̀ ni ó gbọ́ ohun tí n kò gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní àgọ́ Ìsẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹni tí ẹ jọ tò fún oúnjẹ tí ó padà sí Kàdúná tàbí Ẹnúgù, ìyẹn ni ojúlùmọ̀ tí à ń wí. Kí ẹ kí i. Kí ẹ béèrè nípa iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó sọ tiyín. Ẹni tí ó jẹ́ pé ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ kí ènìyàn náà ni ó ní "ẹ bá mi wá iṣẹ́," ó ti sọ ojúlùmọ̀ di ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń kàn.

Kí a ranti ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí kò ti sí ọ̀nà mìíràn. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2014, àjọ tí ó ń rí sí ìwọlé-wọ̀de ní Nàìjíríà pe àwọn olùwáṣẹ́ sí àwọn pápá ìṣeré káàkiri. Àyè iṣẹ́ kò tó 5,000. Àwọn tí ó fi orúkọ sílẹ̀ lé ní 500,000, wọ́n sì ti san 1,000 náírà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ó lé ní ènìyàn mẹ́wàá tí ó kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀, ní Abùjá, ní Port Harcourt àti láwọn ibòmíràn. Aboyún wà lára wọn. Kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn. Àwọn oníjìbìtì kò jìnnà sí irú ebi bẹ́ẹ̀. Wọ́n wà lórí LinkedIn náà. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù, owó aṣọ iṣẹ́, owó àyẹ̀wò ara kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Nọ́ńbà NIN, BVN, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì ilé kò ní ohun tí wọ́n ń ṣe lórí ojú-ìwé yín.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀rí, òun ni ó sì wúwo jù lójú wa. Lórí LinkedIn, ẹnì kan lè kọ ọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ẹnìkejì, kí ó wà lójú-ìwé rẹ̀. Ó ti di "yìn mí kí n yìn ọ́" láàrin àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n kọ "òṣìṣẹ́ tí ó tayọ" fún ẹni tí wọn kò bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan rí. Mùsùlùmí tí kò jẹ́ jẹ́rìí èké ní kọ́ọ̀tù ń jẹ́ ẹ lórí fóònù, ó sì ń rò pé àyẹ́sí ni.

A gbọ́ pé ọkùnrin kan wá jẹ́rìí fún ẹnì kan níwájú Sáyídínà Umar. Umar bi í pé ṣé aládùúgbò rẹ̀ ni, tí ó mọ ìwọlé àti ìjáde rẹ̀. Ó ní rárá. Ṣé wọ́n ti jọ rìnrìn-àjò rí? Rárá. Ṣé wọ́n ti jọ da owó pọ̀ rí? Rárá. Umar ní bóyá inú mọ́sáláṣí ni ó ti rí i tí ó ń gbé orí sókè tí ó ń gbé e sílẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Umar ní kí ó máa lọ, kò mọ ọkùnrin náà. Àwọn onímọ̀ hádíìsì tẹ̀lé ọ̀nà yìí débi pé wọ́n kọ ìwé ńláńlá nípa àwọn tí ó gba hádíìsì wá: ẹni tí ó ń sọ òótọ́, ẹni tí iyè rẹ̀ kò mú, ẹni tí ó mọ ti ìlú kan tí kò mọ ti òmíràn. Wọ́n bi Ali ọmọ al-Madini, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ Imaamu Bukhari, nípa bàbá tí ó bí i lọ́mọ. Ó ní kí wọ́n lọ bi ẹlòmíràn. Wọ́n tún bi í. Ó dorí kodò, lẹ́yìn náà ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni, bàbá òun kò lágbára nínú hádíìsì.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ kọ àléébù bàbá rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí a ń béèrè kéré ju ìyẹn lọ. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá ní kí ẹ kọ ẹ̀rí fún òun, ẹ bi ara yín: iṣẹ́ wo ni mo rí tí ó ṣe, ní ọdún wo, báwo ni ó ti parí rẹ̀? Bí ẹ bá rí i, ẹ kọ ọ́ bí ẹ ti rí i, gbólóhùn mẹ́ta tó. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ sọ fún un pẹ̀lú ìfẹ́ pé ẹ kò tíì lè kọ ọ́, kí ẹ sì wá iṣẹ́ kan tí ẹ jọ lè ṣe. Ìwé ìṣirò mọ́sáláṣí wà tí ó ń fẹ́ àtúntò, ẹ̀kọ́ àfikún fún àwọn ọmọ tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò wà, kànga ìta mọ́sáláṣí ń fẹ́ ọmọrí. Ní oṣù mẹ́ta sí i, ẹ ó ti mọ bóyá ó ń tètè dé, bóyá owó ń pé lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá ó ń parí ohun tí ó bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì lè fi orúkọ yín sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.